Mo Fi Orúkọ Mọ́mì Fálúyì Wọ Sáfà

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Ọmọ dáadáa ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì. Wọ́n ní Lará kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, Lará kì í ṣòfófó, Lará ló máa ń dá orin nígbà àdúrà. Lará yìí kan náà ló dá iná, tó sì dúró, tó ń wò ó bó ṣe ń jó ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera aládàáni kan ní Okokomaiko ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka èsì ìdánwò. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀bi tèmi kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Àwa mẹ́ta la wà ní yàrá náà. Ìyáàfin Fálúyì ni ọ̀gá wa, ọmọ Èkìtì ni wọ́n, gbogbo wa ló ń pè wọ́n ní Mọ́mì. Nàfísàt, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lóhùn lójú wíńdò tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ni ẹni kẹta.

Inú sáfà ni gbogbo máàkì wà. Kọ̀ǹpútà ńlá kan ni, tó ń dá gbé nínú yàrá tutù lẹ́yìn wa. Kò ní àwòrán mèremère kankan, ojú dúdú àti lẹ́tà funfun ni tirẹ̀. Láti orí tábìlì rẹ ni wàá ti kan ilẹ̀kùn rẹ̀: wàá tẹ orúkọ rẹ, wàá tẹ pásíwọọ̀dù rẹ, o ti wọlé nìyẹn. Orúkọ tèmi lè wo máàkì. Orúkọ Mọ́mì nìkan ló lè yí i padà.

Ṣùgbọ́n ojú ń yọ Mọ́mì lẹ́nu. Bí àtúnṣe bá wà, wọn kì í padà sí ìdí tábìlì wọn mọ́, ẹ̀yìn mi ni wọ́n máa ń dúró sí. Wọ́n á ní, "Lará, ọmọ mi, gba orúkọ mi wọ̀." Àṣẹ kékeré kan wà fún ìyẹn. Bí o bá ti fi orúkọ tìrẹ wọlé tán, wàá tẹ àṣẹ náà, wàá fi pásíwọọ̀dù ẹlòmíràn tì í lẹ́yìn, sáfà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ẹni yẹn pè ọ́. Bí ìgbà tí èèyàn pààrọ̀ ìró láì jáde kúrò nínú yàrá ni.

Pásíwọọ̀dù Mọ́mì ni Ìbùkún, orúkọ ọmọkùnrin wọn tó ṣaláìsí, àti ọdún tí wọ́n bí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ sí mi létí, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì," ni mo wí.

Ẹ gbọ́ ẹnu mi.

Joy ni àbúrò mi. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá wa ló yàtọ̀, torí náà orúkọ ìdílé wa kò bára mu. Kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ló wà, ó ti wọ ọdún kejì. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ kọ orúkọ ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, èmi kò kọ ọ́. Nàfísàt nìkan ló mọ̀, nítorí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní Ìbà ni Joy ń gbé, òun àti Nàfísàt sì jọ máa ń wọkọ̀ wá láràárọ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè kan, mo rí máàkì Joy nínú iṣẹ́ Anátómì. Méjìdínlógójì. Ogójì ni èèyàn fi ń yege. Ẹni tó bá gbé Anátómì lulẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ọdún náà ló máa tún ṣe látòkèdélẹ̀.

Ó yẹ kí n dákẹ́, ṣùgbọ́n mo sọ fún un. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wá bá mi nílé ní Ọ̀jọ́, kò tíì jókòó tó fi bú sẹ́kún.

"Máàkì méjì, Àǹtí Lará! Nítorí máàkì méjì ni mo fi máa tún ọdún kan jókòó?"

"Ìwọ lo kọ ìdánwò, kì í ṣe èmi."

"Ṣebí ọ́fíìsì yín ló wà? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń tẹ̀ ẹ́?"

"Joy, pa ẹnu ẹ dé."

Ó pa á dé lóòótọ́. Èmi ni n kò lè pa ọkàn mi dé. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń dáná, máàkì méjì. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń wẹ̀, máàkì méjì. Ta ló máa kú tí máàkì méjì bá lé?

Mo sì ti mọ ìgbà tí mo lè ṣe é. Láago mẹ́jọ àárọ̀ ni ìsìn òwúrọ̀ wa ní gbọ̀ngàn. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá wá ló ń buwọ́ lùwé lẹ́nu ọ̀nà. Kò sì sẹ́ni tó ń jáde kúrò nínú sáfà kó tó lọ. Díákónì Isaiah tó ń darí ìsìn ti wí i lójú gbogbo wa rí pé ẹni tó bá ń ti nǹkan pa nítorí ó fẹ́ lọ gbàdúrà, ó ń pe àwọn ará rẹ̀ lólè nìyẹn. Látìgbà náà ni kálukú ti ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu.

Àdúrà Díákónì Isaiah sì máa ń gùn bí ọ̀nà Bàdágìrì. Bó bá ti ní kí a di ojú, o lè se ìrẹsì jinná kó tó ṣe Àmín.

Lọ́jọ́bọ̀, mo buwọ́ lùwé, mo dá orin, mo jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn. Mọ́mì ń ka Bíbélì wọn onílẹ́tà ńláńlá lórí pèpéle, Díákónì gbà á lẹ́nu wọn pẹ̀lú àdúrà. Gbogbo ojú dì. Mo bọ́ bàtà mi sọ́wọ́, mo yọ́ jáde.

Àga Nàfísàt ṣófo. Mùsùlùmí ni, kì í wá sí ìsìn, ó sì máa ń lọ ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà lẹ́nu géètì lásìkò yẹn. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi. Láago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo ti fi orúkọ mi wọlé, ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí.

Mo tẹ àṣẹ náà. Mo tẹ Ìbùkún àti ọdún rẹ̀. Mo kánjú, mo ṣì í tẹ̀, sáfà kọ̀ fún mi. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ síkẹ́ẹ̀tì, mo tún un tẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó gbà.

Kí n lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀, mo bi sáfà léèrè pé ta ni mo jẹ́. Àṣẹ kan wà fún ìyẹn náà. Ó dá mi lóhùn: faluyi.

Mo mí kanlẹ̀. Lójú mi, Lará ti pòórá. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́la, Mọ́mì ló wọlé, Mọ́mì ló ṣe é.

Mo lọ síbi orúkọ Joy. Ogójì ni mo fẹ́ tẹ̀, mo búra. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé ogójì gééré á fu èèyàn lára, ni mo bá tẹ márùndínláàádọ́ta. Olè tó wá mú ẹyọ iṣu kan, tó wá di ẹrù.

Mo bọ́ orúkọ Mọ́mì sílẹ̀, mo padà di Lará, mo sáré padà sí gbọ̀ngàn. Mo bá wọn ní ìparí àdúrà. Àmín tèmi ló dún jù lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ mẹ́fà kọjá, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti ń gbàgbé. Nígbà tó di ọjọ́ Wẹ́sídeè tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ ìdánwò jókòó, èmi ni mo pín ìwé èsì fún wọn. Dókítà Caleb tó ń kọ́ wọn ní Anátómì yẹ tirẹ̀ wò, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó tún un fi sójú.

"Ta ló fún ọmọbìnrin yìí ní márùndínláàádọ́ta?"

Rẹ́jísírà ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máàkì ẹ̀?"

"Èmi ni. Méjìdínlógójì ni mo fún un. Ìwé tí mo fọwọ́ kọ nìyí."

Wọ́n wo inú sáfà. Ó wà níbẹ̀ kedere pé orúkọ Fálúyì ló yí máàkì náà padà, ní Ọjọ́bọ̀, láago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún.

Mọ́mì dìde dúró. "Èmi? Láago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ka Bíbélì fún yín lọ́jọ́ yẹn ni?"

Gbogbo wọn ló rántí. Ẹnìkan ti fi orúkọ Mọ́mì wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò sí ní gbọ̀ngàn. Rẹ́jísírà ní kí wọ́n gbé ìwé ìbuwọ́lù wá. Orúkọ Mọ́mì àti tèmi wà níbẹ̀, tèmi ló wà lókè pátápátá.

"Ta ló wá kù ní ọ́fíìsì?" ni Rẹ́jísírà bi wá.

Díákónì Isaiah, tí òun náà wà nínú ìgbìmọ̀, ló kọ́kọ́ wúkọ́.

"Mi ò fẹ́ parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ o. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí ọmọ tí wọ́n ní ó ń jẹ́ Joy yìí àti Nàfísàt, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti ń bọ́ọ́lẹ̀ láràárọ̀."

Mo ń wo ilẹ̀. Ká ní mo gbé ojú sókè nígbà náà, bóyá ẹnu mi ì bá ṣí. N kò gbé e sókè.

Wọ́n pe Joy. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan, òtítọ́ sì ni, n kò tíì sọ fún un ohun tí mo ṣe. Wọ́n pe Nàfísàt. Ó ní òun kọ́. Wọ́n fún un ní lẹ́tà pé kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní lé e. Ìparí oṣù náà gan-an ló yẹ kí wọ́n sọ iṣẹ́ rẹ̀ di ti gbére. Bí wọ́n bá sì fi ẹ̀sùn èsì ìdánwò lé e, ilé ẹ̀kọ́ wo ló tún máa gbà á?

Kó tó kúrò níwájú wọn, ó sọ ohun kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ pe Bọ̀dá Dàpọ̀. Sáfà mọ ẹni tó wọlé."

Rẹ́jísírà ní, "Sáfà ti sọ tiẹ̀. Ó ní Mádáàmù Fálúyì ni."

"Ẹ ṣáà bá mi pè é, sà."

Dàpọ̀ ló ta sáfà náà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun náà ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà Àlàbá. Wọ́n pè é, ó ní ọwọ́ òun dí, ó di Mọ́ńdè.

Lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, Nàfísàt dúró dè mí ní ìbùdókọ̀ Okokomaiko. Ojú rẹ̀ ti wú.

"Lará, o mọ̀ pé èmi kọ́."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o máa sọ fún wọn?"

"Màá bá Mọ́mì sọ̀rọ̀."

Ó wò mí títí, bí ẹni pé ó ń retí kí n fi nǹkan kún un. Ó ní, "Ó dáa," ó wọ ọkọ̀ Ìbà lọ.

N kò bá Mọ́mì sọ nǹkan kan. Dàpọ̀ ni mo pè lórí fóònù ní ọjọ́ kejì, tí mo ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́.

"Bọ̀dá Dàpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, tí èèyàn bá gba orúkọ ẹlòmíràn wọ̀ nínú sáfà, tó sì ti bọ́ ọ sílẹ̀, ṣé ó parí nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ ọjà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kò parí o. Ta ló wọlé, kọ̀ǹpútà wo ló ti wá, aago mélòó ló dé, aago mélòó ló lọ, sáfà ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Tó o bá gba orúkọ mi wọ̀ báyìí, á kọ ọ́ pé Lará ló di Dàpọ̀. Orúkọ tó o fi kan ilẹ̀kùn ò lè kúrò lára ẹ títí tó o fi máa jáde."

"Á à."

"Kí ló dé tó o fi ń béèrè?"

"Rárá o, mo kàn ń béèrè ni."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń wá ibi tí sáfà ń kọ nǹkan wọ̀nyẹn sí. Mo rí i. Mo ní kó ṣí i fún mi. Ó ní n kò láṣẹ. Mo ní kó pa á rẹ́. Ó tún ní n kò láṣẹ. Ìgbà tí mo dìde ni mo tó rò ó pé ó ṣeé ṣe kó ti kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Jímọ́ọ̀ lọ. Sátidé lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ohùn mi fi há. Ìgbà márùn-ún ni mo gbé fóònù láti pe Rẹ́jísírà, ìgbà márùn-ún ni mo gbé e sílẹ̀.

Láago mẹ́wàá àárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n pe gbogbo wa sí yàrá wa: Rẹ́jísírà, Díákónì Isaiah, Mọ́mì, Nàfísàt, èmi. Dàpọ̀ wọ yàrá tutù lọ, ó tẹ nǹkan díẹ̀, ó pariwo láti inú lọ́hùn-ún.

"Mo ti ní kó tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ìlà Ọjọ́bọ̀ nìkan ni. Ẹ kà á."

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìwé kan ṣoṣo yọ jáde. Rẹ́jísírà na ọwọ́ sí i, ó fọwọ́ pa àpò àyà rẹ̀.

"Mo gbàgbé gíláàsì mi sókè. Mádáàmù, ẹ bá wa kà á."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ojú tèmi dà? Lará ló máa ń bá mi kàwé. Kà á fún wa, ọmọ mi."

Wọ́n gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́.

Mo kà á. Kí ni kí n ṣe? "Aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú, Lará wọlé láti orí kọ̀ǹpútà kẹta."

"Ìyẹn ò burú, iṣẹ́ ló wá ṣe," ni Díákónì wí. "Máa kà á lọ."

"Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá..."

"Kí ló kọ síbẹ̀?" ni Rẹ́jísírà bi mí.

"Kà á, ọmọ mi," ni Mọ́mì wí, jẹ́jẹ́.

"Lará béèrè láti di Fálúyì. Kò rí i ṣe. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá... Lará di Fálúyì."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti kúnlẹ̀. Ìtìjú ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yá ju ẹ̀rí-ọkàn mi lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe èmi! Mo wà ní ìdí àdúrà! Ẹ mọ̀ pé a máa ń fi kọ̀ǹpútà wa sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ọ́fíìsì lè jókòó sídìí tèmi."

Ẹnikẹ́ni tó bá wà ní ọ́fíìsì. N kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló yíjú sí Nàfísàt. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí mo tì í sínú iná. Ó ń wò mí.

Rẹ́jísírà mi orí. "Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nàfísàt, kí lo rí sọ sí i?"

"Ẹ dúró," ni Mọ́mì wí.

Wọ́n fọwọ́ di etí tábìlì mú, wọ́n rọra jókòó.

"Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà Lará, ó gbọ́dọ̀ mọ pásíwọọ̀dù mi kó tó lè di èmi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Dàpọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà," ni Dàpọ̀ dáhùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Èèyàn kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún láyé." Wọ́n yíjú sí mi, omi ti lé ròrò sójú wọn. "Lará, orúkọ ọmọ mi lo tẹ̀? Ìbùkún mi ni o fi ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

Ìgbà yẹn ni mo tó kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, Joy, máàkì méjì, bàtà tí mo bọ́ sọ́wọ́. Díákónì Isaiah bo ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.

Wọ́n lé mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n dá máàkì Joy padà sí méjìdínlógójì, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé fún ọdún kan kó tó wá tún ọdún kejì ṣe. Ọmọ tí kò mọ̀dí. Ó ní kí n má pe òun mọ́. Wọ́n sọ iṣẹ́ Nàfísàt di ti gbére, Rẹ́jísírà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí i. Mo gbọ́ pé wọ́n ti ń jáde kúrò nínú sáfà báyìí kí wọ́n tó lọ gbàdúrà, Díákónì gan-an ló ń rán wọn létí.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ lẹ ń wá, ẹ mú ìyẹn: ẹni tó bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́, ara rẹ̀ ló fún yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án Sátidé, mo lọ sílé Nàfísàt ní Ìbà Estate. Ó ń sá aṣọ níwájú ilé. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Dìde, Lará. Àwọn ará àdúgbò ń wò wá."

"Nàfí, jọ̀ọ́, forí jì mí."

Ó gbọn aṣọ kan, ó fi kọ́ sórí okùn.

"Mo rí ẹ lọ́jọ́ yẹn," ó ní.

"Kí lo wí?"

"Mo ti ra búrẹ́dì, mo ń bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Mo rí ẹ láti ojú wíńdò, mo tiẹ̀ kí ẹ. O ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n dárúkọ Joy ni mo tó mọ ohun tó o wá ṣe."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́? Ìwọ tó buwọ́ lùwé àdúrà, àbí èmi?" Ó mú aṣọ mìíràn. "Àti pé mo ń dúró dè ẹ́. Mo sọ fún bàbá mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi ni, ó máa sọ ọ́ fúnra ẹ̀."

"Mo fẹ́ sọ ọ́, Nàfí. Mo fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́."

"Ká ní Bọ̀dá Dàpọ̀ ò wá ńkọ́, ọjọ́ wo lò bá sọ ọ́?"

Mo la ẹnu mi. Mo ka àwọn ọjọ́ nínú ọkàn mi, mo ń wá èyí tí mo lè dárúkọ fún un tí kò ní jẹ́ irọ́. N kò rí i. Ó dúró dè mí títí ó fi sá aṣọ tó kù tán, lẹ́yìn náà ó gbé bákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wọlé.